Fóònù kọ́ lẹ ṣẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ̀ ẹ́?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn ọmọ wa tó ń ṣe fídíò sórí fóònù, àti ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa ń bẹ aráyé bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń jẹ mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ọmọ kan á ṣe ohun tí kò dáa, á gbé e sórí TikTok tàbí Instagram, ayé á bú u. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ ó tún rí ọmọ náà. Kò ní lẹ́ àtíkè mọ́, aṣọ lásán ló máa wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, á mí kanlẹ̀, á ní, “Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, ẹ má bínú bí mo bá ṣẹ̀ yín.” Dípò kí ọkàn àwọn èèyàn rọ̀, ńṣe ni èébú tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí á sì tún gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà á wá máa ṣe kàyéfì pé, ṣebí mo ti bẹ̀ wọ́n, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?

Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọ yìí kúnlẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí èmi rí ni pé ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí ni wọ́n ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ babaláwo, tí Ifá sì ní kó rúbọ, a kì í kàn dìde ká lọ ra ẹran lọ́jà. A ó kọ́kọ́ mú ìbò, a ó bi Ifá léèrè pé ta ló ń bínú. Ṣé orí ẹni yìí ni? Ṣé bàbá rẹ̀ tó ti lọ sọ́run ni? Ṣé òrìṣà ni? Bó bá jẹ́ òrìṣà, èwo nínú wọn? Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá mọ ojúbọ tó yẹ ká dojú kọ la tó ń sọ̀rọ̀ ohun tí a ó kó lọ síbẹ̀. Ìgbín là ń gbé lọ fún Ọbàtálá, a kì í gbé ẹmu dé iwájú rẹ̀. Ògún ló ń gba ajá. Bí èèyàn bá wá fa ajá lọ sójúbọ Ọbàtálá, kó má rò pé ìnáwó òun pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ló ń dá kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ láàárín èèyàn sí èèyàn kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ojúbọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí. Habeeb Okikiola, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Portable, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa ni. Olórin ni lóòótọ́, orin Zazoo Zehh ló gbé e jáde ní ìparí ọdún 2021, ṣùgbọ́n bí a bá máa sọ òótọ́, fídíò tó ń ṣe fúnra rẹ̀ lórí fóònù làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ tó bí wọ́n ṣe mọ orin rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ lọ sí ilé ọtí rẹ̀ ní Tìgbò Ìlú, lápá Ọ̀tà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọlu àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ọlọ́pàá kéde pé àwọn ń wá a. Ó gbé fídíò jáde, ó ń bẹ Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún. Nígbà tó yá, ó lọ fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Abẹ́òkúta.

Mi ò dá ẹjọ́ yẹn o. Adájọ́ ló ni ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ náà ni mò ń wò. Ta ni wọ́n ní wọ́n kọlù? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó jí láàárọ̀, tó wọ mọ́tò lọ síbi tí ọ̀gá rẹ̀ rán an. Ta ni wọ́n wá ń bẹ̀? Gómìnà. Létí tèmi, ẹ̀bẹ̀ yẹn fo ẹni tí wọ́n ní ó fara gbá ìyà náà dá, ó lọ bá ẹni tó lè fìyà jẹ ẹlẹ́bẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn sì gbọ́n, wọ́n máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀rù yàtọ̀ sí ohùn àbámọ̀.

Àwọn mìíràn ṣì ń rántí ti Fúnkẹ́ Akíndélé, Jẹ́nífà wa. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, Ààrẹ Buhari ní kí Èkó, Àbújá àti ìpínlẹ̀ Ògùn jókòó sílé. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Tiwa ní Ògùn di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, torí Gómìnà tọrọ àyè kí àwọn aráàlú lè ra oúnjẹ sílé. Ọjọ́ kejì tí tiwa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 4, ni Fúnkẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fún JJC Skillz, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, nílé wọn ní Amen Estate. Èrò wà níbẹ̀, orin ń dún, fídíò sì jáde. Ohun tó wá mú un dun àwọn èèyàn ni pé òun náà wà lára àwọn tó ń ṣe ìpolówó lórí tẹlifíṣàn tó ń kọ́ wa bí a ó ṣe sá fún àrùn náà.

Ó bọ́ sórí Instagram, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú bí òun bá ti ṣì wọ́n lọ́nà, ó sì ṣèlérí pé ohun tí òun ń wàásù ni òun á máa ṣe. Ṣùgbọ́n ó tún ṣàlàyé pé àwọn tí wọ́n rí níbẹ̀, iṣẹ́ ló ti kó àwọn jọ sínú ọgbà kan náà kí òfin tó dé. Àlàyé yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Àmọ́, ẹ wo ẹni tó ń gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní Ibafo, tó jẹ́ pé Ojodu ló ti ń rí oníbàárà, tí kò sì lè kọjá Berger mọ́, tó ń fojú wọn gààrí tó kù nínú ike. Ẹni tó ṣe ọjọ́ ìbí wá ń là á yé e pé àlejò òun kò ti òkèèrè wá. Kí ló kan ẹlẹ́kọ nínú ìyẹn? Bí àlàyé bá ti wọ inú ẹ̀bẹ̀, àwíjàre ló dà. Ìta ló yẹ kí àlàyé dúró sí, títí ẹni tí a ṣẹ̀ yóò fi ní kó wọlé.

Fídíò yẹn kò pa iná. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ògbà ní kí tọkọtaya náà san ₦100,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú, kí wọ́n sì lọ sí ibi mẹ́wàá tí èrò máa ń wà láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa òfin náà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Mi ò mọ adájọ́ náà rí, mi ò sì rò pé ó gbọ́ Ifá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe jọ ètùtù. Ó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ dìde níwájú fóònù, kó lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí fíìmù Fúnkẹ́, Omo Ghetto: The Saga, jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn, àwọn èèyàn yìí kan náà ló tò lọ wò ó, fíìmù náà sì pa ju ₦600 mílíọ̀nù lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwa ará ibí kì í dárí ji èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń wá àgbà, ẹni tí ẹni tó ṣẹ̀ ń wò lójú. Àwọn àgbà ló ń wọlé ṣíwájú, ẹlẹ́ṣẹ̀ á tẹ̀ lé wọn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tàbí kó kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀ lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó rántí pé àwọn àgbà tó bá a wá gan-an ló kọ́kọ́ máa ń bú u. Wọ́n á bá a wí kíkankíkan níṣojú ẹni tó ṣẹ̀, nígbà mìíràn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló máa ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó tó.” Àwọn ọmọ òde òní rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ìbáwí yẹn ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ òun, ẹbí ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ̀, àdúgbò mọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kì í ṣe “bí mo bá ṣẹ̀ yín.” Kò sí “bí” níbẹ̀. Ohun tó ṣe ni kó pè lórúkọ.

Bí wọn kò bá gbà lónìí, wọ́n á tún padà lọ lọ́la. Mo ti bá wọn lọ sí ẹ̀bẹ̀ tó gbà wá ní ìgbà mẹ́fà rí, láàárín ẹbí méjì ní Ifọ, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìgbà kẹrin, omi lásán ni wọn kò fún wa mu. Ìgbà kẹfà, wọ́n gbé obì wá. Bó sì ṣe parí yẹn, àwọn àgbà tó bẹ̀bẹ̀ ti di onídùúró, torí wọ́n ti sọ pé bó bá tún ṣe é, àwọn ni kí ẹ mú. Ta ni onídùúró fún ọmọ tó dá jókòó ní yàrá rẹ̀, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta?

Ọ̀kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní Mowe níbí tí mo mọ ìdí rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fídíò prank, ìyẹn àpárá tí wọ́n fi ń ká ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́, yọ́ lọ sẹ́yìn ìyá kan tó ń ta àkàrà lẹ́bàá títì. Ó da àtíkè lé ìyá náà lórí, ó wá ń pariwo pé oògùn lòun dà sí i lára yẹn, pé kílẹ̀ tó ṣú yóò máa rìn níhòòhò. Ìyá náà fi igbe ta. Ó sá, gèlè rẹ̀ jábọ́, ó sì ṣubú sínú gọ́tà. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ti ń ya gbogbo rẹ̀. Àwọn tó wò ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá náà tó ń kàwé lókè òkun, níbẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀ nínú gọ́tà, lórí fóònù ẹlòmíràn.

Nígbà tí èébú wá pọ̀, ọmọkùnrin yìí ṣe fídíò ẹ̀bẹ̀. Wọn kò gbà á. Ó wá kó àwọn ọmọ méjì tẹ̀ lé ara rẹ̀, ọ̀kan ń yà á ní fídíò, ó lọ bá ìyá náà pẹ̀lú ₦20,000 lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó na owó náà jáde kí fóònù lè rí i. Ìyá náà wo fóònù yẹn, ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ yìí gbé ìyẹn náà jáde. Ohun tó kọ sí i ni pé òun ti bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ ni. Ẹ gbọ́ o: láti ọjọ́ náà, ìyá náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú, pé ọkàn rẹ̀ le.

Bàbá ọmọ náà ló mú un wá bá mi. Ó fẹ́ ká bá òun wo ohun tó ń ṣe ọmọ òun. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe é tó ju èyí tí mo rí lọ, kó kọ́kọ́ gbé fóònù rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ mú. Mo mú ìyálọ́jà apá ibẹ̀ àti bàbá àgbàlagbà kan, a lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ìgbà kejì, ó sunkún, a sì bá a jókòó. Ìgbà kẹta ló ní, “Mo ti gbọ́.” Kò sọ pé òun ti dárí jì í o. Ó ní òun gbọ́.

Ìgbà yẹn la wá mọ ohun tó ń dùn ún gan-an. Ìṣubú kọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n da oògùn sí i lára, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu kan ohun tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ ₦20,000. Ohun tó fẹ́ ni kí ọmọ náà rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn èèyàn pé àtíkè lásán ni, pé irọ́ lòun pa, kó sì jẹ àkàrà náà níṣojú wọn. Ọmọ yìí ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sí fóònù. Ojú tì í gan-an. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà bóyá ó lè ronú kan ohun tí ìyá náà fẹ́ nígbà tó ń ṣe fídíò ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ní kò tiẹ̀ wá sí òun lọ́kàn láti béèrè.

Èmi náà bi í ní ohun mìíràn. Mo ní àwọn mélòó ló wo fídíò ẹ̀bẹ̀ rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún bojú jẹ́. Àwọn tó wo ẹ̀bẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wo àpárá lọ. Ohun tó ń bí aráyé nínú nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́. Wíwò ni ọjà àwọn ọmọ yìí, òun ni wọ́n ń tà fún àwọn onípolówó. Ẹ̀ṣẹ̀ mú wíwò wá, ẹ̀bẹ̀ tún mú púpọ̀ sí i. Lóòótọ́, àwọn ẹbọ kan wà tí gbogbo ilé máa ń jọ jẹ nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹbọ tí ẹlẹ́bọ gbé kọjá ìdí Èṣù, tí kò fún un ní nǹkan kan, tó kó gbogbo rẹ̀ padà sílé fún ara rẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí wọn ó bẹ̀. Ní Ìbàdàn, lọ́dún 2023, Abdullahi Maruff Adisa, tí wọ́n ń pè ní Trinity Guy, gbé fídíò kan jáde tó mú ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá wọ inú ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Ariwo sọ, ó tọrọ àforíjìn, àwọn èèyàn kò dá a lóhùn. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé òun àti àwọn òbí ọmọ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Ìyágankú. Ẹ wò ó, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè jókòó gba ẹ̀bẹ̀. Àwọn tó yẹ kó gbà á lórúkọ rẹ̀, àwọn náà ló dúró pẹ̀lú ẹlẹ́jọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti kọjá ohun tí àgbà ń pẹ̀tù sí. Ti òfin ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọdé lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí àgbà kankan ní Mowe tàbí Ifọ má ṣe wá sọ pé ká jọ parí rẹ̀ nílé. Mi ò ní bá yín lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkú. Ní ìparí ọdún 2017, Logan Paul, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó lókìkí lórí YouTube, wọ inú igbó Aokigahara ní Japan, ó sì fi òkú ọkùnrin tó pokùnso níbẹ̀ han ayé. Nígbà tí wọ́n bú u, ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ́kọ́ kọ sọ pé òun kò ṣe é nítorí wíwò, pé òun ní èrò tó ń wo òun tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ tó tún ń fọ́nnu! Iná tún ràn, ó di dandan kó tún ṣe fídíò mìíràn lọ́jọ́ kejì. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá pokùnso, a kì í kàn sọ ọ́ kalẹ̀ láìṣe ètùtù, áńbọ̀sìbọ́sí ká fi í ṣe ìran. Òkú kò lè sọ pé, “Mo ti gbọ́.” Ẹbí rẹ̀ ló kù láti wá rí.

Ọ̀rúnmìlà gan-an bẹ̀bẹ̀ rí. Oríṣiríṣi ọ̀nà làwọn babaláwo ń gbà sọ ìtàn náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ lèmi ó sọ ọ́. Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà ń rí, ó ń ráhùn sí i ní gbogbo ìgbà, títí ọjọ́ kan tí Ìwà kó ẹrù rẹ̀, tó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni ilé dàrú. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún Ọ̀rúnmìlà dín, oníbàárà kò wá mọ́. Kò dúró sílé kó máa kéde pé òun ti kábàámọ̀. Ó gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, ó ń lọ láti ilé olóyè kan dé ilé olóyè kejì, ó ń béèrè Ìwà títí ó fi rí i. Ó bẹ̀ ẹ́. Ìwà kò bá a padà wálé. Ó ní kó máa lọ, kó lọ tún ìwà ara rẹ̀ ṣe, pé ibẹ̀ ni òun yóò ti máa bá a gbé.

Apá ìgbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín bẹ̀bẹ̀, ó rìn jìnnà kó tó bẹ̀bẹ̀, wọn kò sì fún un ní ohun tó ń fẹ́. Kò lọ sójú ọjà lọ sọ pé, “Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ ni.” Ó padà sílé, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ aṣọ pupa nínú síkíìtì, tí ẹ máa ń to agbárí síwájú, tí ẹ ń ní babaláwo tó ń ṣe oògùn owó lẹ jẹ́, ẹ̀yin náà jẹ wá ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. A kò fẹ́ fídíò. Ẹ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ẹ wo ohun tó wà lórí ọpọ́n, ẹ ó rí i pé ìyẹ̀rosùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ alátíkè yẹn, níbo lẹ rò pé ó ti kọ́ pé oògùn ni wọ́n fi ń ya èèyàn ní wèrè lẹ́bàá títì? Mi ò sì ní fi bò pé àwọn kan wà láàárín àwa babaláwo náà tó ń dá Ifá fún èèyàn lórí TikTok, tí wọ́n ń tú àṣírí oníbàárà síta kí èrò lè pọ̀. Bí ó bá di wàhálà, àwọn náà á jókòó síwájú fóònù pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á máa bẹ “gbogbo ọmọ Yorùbá.” Ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wọ́n náà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín, wọn kò ṣẹ̀ yín rárá. Ẹ kò mọ ìyá alákàrà, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà lẹ bú ọmọ yẹn, nígbà tí ìyá náà ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ tún bú ìyá. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Ẹni tí kò ní obì kankan lápò nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ló kàn án tó fi ń ní kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n kọ̀?

Ọmọ náà yọ fídíò yẹn kúrò lọ́dọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a lọ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gbé e, ó ṣì ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, àní ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àmì ẹ̀rín sí i. Bó bá wà lórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́ lónìí. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí mi láti bi mí bóyá òun ni.